Bí mo ṣe wá atọ́ka fún jọ́nà àtijọ́ kan

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ni mo ti lè rí atọ́ka jọ́nà yìí?" Savanna ni jọ́nà náà, ìwé àtẹ̀jáde àwọn onímọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní Zaria ní 1972. Akẹ́kọ̀ọ́ tó béèrè ń kọ iṣẹ́ lórí oko fádámà (ilẹ̀ etí odò tí omi máa ń bò), àpilẹ̀kọ 1972 sí 1985 ló sì ń wá ní ilé ìkàwé wa ní Àbújá.

Atọ́ka ni àkójọ tó ń sọ ibi tí àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan wà. Kí n tó dìde, mo ya ìbéèrè náà sí méjì. Atọ́ka tí jọ́nà fúnra rẹ̀ ṣe yàtọ̀ sí atọ́ka ti ìta tó ń ka àpilẹ̀kọ inú oríṣiríṣi jọ́nà sílẹ̀. Ẹni tó bá béèrè ọ̀kan sábà máa ń nílò méjèèjì.

Nọ́ńbà ISSN, òǹkà mẹ́jọ tí a fi ń dá jọ́nà kọ̀ọ̀kan mọ̀, ni mo kọ́kọ́ mú, torí orúkọ máa ń tan ni jẹ. Bí ẹ bá fi h parí Savanna lórí kọ̀ǹpútà, ìwé mìíràn ni yóò gbé wá fún yín. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ 0331-0253 sínú ìwé rẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò báyìí: ẹ fi 8 sọ òǹkà àkọ́kọ́ di púpọ̀, ẹ fi 7 sọ èkejì, bẹ́ẹ̀ títí tí ẹ ó fi lo 2 fún ìkeje. Ẹ pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ fi 11 pín in, kí ẹ yọ èyí tó kù kúrò nínú 11. Òǹkà ìkẹjọ gbọ́dọ̀ bá a mu. Bó bá jẹ́ 10, X ni wọ́n ń kọ; bí nǹkan kan ò bá kù, 0 ni. Àpapọ̀ ti akẹ́kọ̀ọ́ náà jẹ́ 60, ó ku 5, èsì jẹ́ 6, bẹ́ẹ̀ 3 ló wà níparí. Àṣìkọ ni. Èyí tó wà lára jọ́nà ni 0331-0523: 63, ó ku 8, èsì 3. Ó ti gbé 5 àti 2 sí ipò ara wọn.

Lẹ́yìn náà ni èèpo ìwé. Inú èèpo ni jọ́nà sábà máa ń dárúkọ àwọn atọ́ka tó ń kà á sílẹ̀, àmọ́ àwọn adìwé máa ń gé èèpo dànù kí wọ́n tó di ẹ̀dà pọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi lọ wo ẹ̀dà tí a kò tíì dì. Atọ́ka tí wọ́n tẹ̀ lọ́tọ̀ náà máa ń sọnù: ó sábà ń dé lẹ́yìn tí ìdìpọ̀ ti lọ sọ́dọ̀ adìwé. Bí kò bá sí, ojú ewé àkóónú ni kí ẹ kà tààrà. Jọ́nà tó ń jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ojú ewé 28 péré ni fún ọdún 14. Kò tó iṣẹ́ ọ̀sán kan.

Ohun tí jọ́nà sọ nípa ara rẹ̀ kò tó fún mi. Mo ṣí Ulrich's, ìwé àkójọ orúkọ jọ́nà tó ti ń jáde láti 1932. Ẹ̀dà àtijọ́ rẹ̀ ni mo lò, torí ó ń sọ ẹni tó ń tọ́ka sí jọ́nà nígbà náà gan-an. Ìkékúrú ni wọ́n fi kọ orúkọ atọ́ka. Ìtumọ̀ wọn wà níwájú ìwé. Ẹ má ju ẹ̀dà àtijọ́ nù, ẹ jọ̀wọ́.

Láti ibẹ̀, mo bọ́ sórí International African Bibliography, atọ́ka ti ìta fún àwọn ìwé àti àpilẹ̀kọ nípa Áfíríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1971. Ẹ má retí "fádámà" nínú àwọn atọ́ka báwọ̀nyí. Irrigation tàbí Flood plains ni kí ẹ wò. Àpilẹ̀kọ 1975 lè má yọ títí di 1977, nítorí náà mo ń wo atọ́ka títí di ọdún 2 lẹ́yìn ọdún àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan. Orúkọ àwọn òǹkọ̀wé Hausa gba sùúrù: ọ̀pọ̀ ló ń fi ìlú ṣe orúkọ ìkẹyìn, bíi Aminu Kano. Ẹ wò ó lábẹ́ A, ẹ wò ó lábẹ́ K. Bí ɗ tàbí ƙ bá wà nínú orúkọ, ẹ fi d àti k wá a pẹ̀lú.

Níkẹyìn, mo kọ ISSN tó tọ́, atọ́ka tí a wò, ọdún tí a wò àti ibi tí a kò ti rí nǹkan kan sórí káàdì, mo sì fi í sínú àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ Savanna.