Bí mo ṣe fi abẹ́rẹ́ àti áásìdì ya oòrùn láàárín igi

Adágún Moritzburg kò jìnnà sí Dresden ní Jámánì. Ibẹ̀ ni Ernst Ludwig Kirchner àti Erich Heckel ti máa ń yàwòrán nígbà ooru láàárín 1909 sí 1911; ẹgbẹ́ wọn, Die Brücke, ti bẹ̀rẹ̀ ní Dresden láti 1905. Èmi náà gbé páànù síǹkì mi lọ síbẹ̀, èyí tí màá fi tẹ àwòrán sórí bébà. Mo ti fi fáìlì dán etí rẹ̀ kó má bàa gé bébà, mo sì ti fi ìda oyin tí wọ́n pò mọ́ ọ̀dà bo ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Mi ò yà á sórí bébà ṣáájú. Mo dojú kọ igi, mo ń fi abẹ́rẹ́ ha ìda ojú páànù lọ, kí áásìdì lè jẹ síǹkì níbi tó bá ṣí sílẹ̀, kí yíǹkì sì lè dúró síbẹ̀. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá ha ni yóò dúdú, nítorí náà oòrùn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń yà; òjìji là ń yà, ibi tí a bá fi sílẹ̀ ló máa tàn. Ìlà róbótó tó ní ìtànṣán yí ká, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún káàdì ọdún. Apá òsì páànù yóò bọ́ sápá ọ̀tún bébà. Mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, igi ò ní pè mí lẹ́jọ́.

Áásìdì ló gba sùúrù. Náítíríìkì tí a fi omi là ni: áásìdì lẹ máa dà sínú omi, ẹ má da omi lé áásìdì. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò, kí atẹ́gùn sì máa fẹ́. Ìhó kéékèèké ń yọ lójú ìlà, mo ń fi ìyẹ́ ẹyẹ gbá wọn kúrò, torí wọ́n máa ń jẹ́ kí ìlà rí jágajàga. Nígbà tí ewé tó jìnnà ti jẹ díẹ̀, mo yọ páànù, mo ṣàn án, mo fi fánísì bo ibẹ̀ kí áásìdì má bàa jẹ ẹ́ mọ́, mo dá a padà. Ìtì igi tó sún mọ́ mi ló pẹ́ jù nínú rẹ̀, òun ló sì dúdú jù. Emil Nolde, tó wọ ẹgbẹ́ náà ní 1906, tilẹ̀ máa ń jẹ́ kí áásìdì jẹ ojú páànù gbayawu, kó lè ní àwọ̀ eérú. Bí mo ṣe rí ojú omi adágún inú àwòrán mi nìyẹn.

Mo fi tọpẹntáìnì fọ ìda kúrò, mo fi yíǹkì ra páànù, mo fi aṣọ nù ún, mo wá fi àtẹ́lẹwọ́ nu àárín ẹ̀ka títí ó fi mọ́ kedere. Bébà tútù ni mo gbé lé e kó tó gba abẹ́ rólà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kọjá. Ẹ fi bébà náà sáàárín pákó méjì títí yóò fi gbẹ, kó má bàa ká.