Ẹ̀rọ GeneXpert tó ń wá ikọ́ ife nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tún kọ iṣẹ́ sílẹ̀: ìbéèrè tẹ́ ẹ ń bi mí lójoojúmọ́

"No result" ló gbé jáde.
Iná ló lọ, tàbí ẹnì kan dá a dúró. Ẹ mú katiríìjì tuntun, ìyẹn ike kékeré tí à ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sí.

"Invalid" ńkọ́?
Kò túmọ̀ sí pé aláìsàn ò ní ikọ́ ife o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ "kò ní" sínú ìwé rẹ̀. Ẹ tún un ṣe.

Ihò katiríìjì kan ṣoṣo lára ẹ̀rọ ló ń fún wa ní error.
Ẹ pe ẹnjiníà. Ẹ má tú u.

Error 2008 lemọ́lemọ́. Ṣé ẹ̀rọ ti bàjẹ́ ni?
Ohun tó wà nínú katiríìjì ló ki jù, ẹ̀rọ tì í títí, kò lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bá a jà. Mo nu ẹ̀rọ, mo pa á, mo tún un tàn, pàbó. Lọ́jọ́ kan mo gbé ìgò kan sójú iná: horo ìrẹsì kan wà nínú rẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà sì ń fà bí ọbẹ̀ ilá. Aláìsàn jẹun tán, ẹnikẹ́ni ò ní kó fi omi yọ ẹnu. Èmi náà ń kánjú, ìṣẹ́jú 8 ni mo ń fún kẹ̀lẹ̀bẹ̀ láti yọ́ dípò 15. Láti ọjọ́ yẹn, omi oògùn tó bá katiríìjì wá gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Mo ń mì ín tagbáratagbára ní ìgbà 10 sí 20, mo ń fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, mo ń tún un mì, ó di ìṣẹ́jú 5 sí i. Bó bá ṣì ń fà, mo tún ń dúró. Mílílítà 2 ni mo ń fà sínú katiríìjì, mi ò sì ń fa gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀.

Ẹ̀rọ ní kòkòrò ò gbọ́ rifampicin, oògùn ikọ́ ife kan, aláìsàn náà ò sì lo oògùn ikọ́ ife rí.
Ẹ kọ́kọ́ wo iye kòkòrò. Apá kékeré kan nínú jíìnì rpoB kòkòrò náà, ibi tí àìgbọ́ rifampicin ti ń hàn, ni ẹ̀rọ ń yẹ̀ wò. Bó bá kọ "very low", ó lè ṣi ìdájọ́, oògùn ọ̀pọ̀ oṣù sì nìyẹn lọ́rùn ẹni tí kò yẹ fún. Ẹ gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ tún un yẹ̀ wò.

Isoniazid, oògùn ikọ́ ife mìíràn, ńkọ́?
Katiríìjì MTB/RIF, tó ń wo ikọ́ ife àti rifampicin nìkan, ò wò ó rárá. Ẹ fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́ sí láàbù tó ń gbin kòkòrò. Gbígbìn náà lè tó ọjọ́ 42, nítorí náà ọjọ́ tí èsì GeneXpert bá jáde gan-an ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́.