Bí a ṣe ń gbé àkàbà kalẹ̀ fún iṣẹ́ òkè

Ẹsẹ̀ àkàbà ni ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ kun ògiri tàbí tí ó fẹ́ tún páànù ṣe kọ́kọ́ wò, nítorí pé bí ilẹ̀ tí ó dúró lé bá rọ̀ tàbí tí ó ń yọ̀, dídi òkè mú ṣinṣin kò lè gba ẹni tí ó wà lórí rẹ̀ là. Ẹ wá ilẹ̀ tí ó le tí ó sì tẹ́jú. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ga ju èkejì lọ, ẹ gbẹ́ èyí tí ó ga títí méjèèjì yóò fi dọ́gba. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe ki àfọ́kù búlọ́ọ̀kù bọ abẹ́ ẹsẹ̀ kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí a ń rí lójoojúmọ́ níbi ìkọ́lé nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yẹ àkàbà fúnra rẹ̀ wò. Àjẹkù pákó ni àwọn bíríkìlà sábà máa ń fi kan àkàbà lójú iṣẹ́, tí ó fi jẹ́ pé ìṣó nìkan ni ó gbé igi ìdábùú dúró. Ó sàn kí káfíńtà gbẹ́ ojú igi gígùn méjèèjì díẹ̀, kí igi ìdábùú wọ inú rẹ̀ kí ó tó kàn án, kí ìwúwo ènìyàn lè wà lórí igi dípò ìṣó. Ẹ má ṣe kun àkàbà onígi ní ọ̀dà, torí pé ọ̀dà máa ń bo ibi tí igi ti sán. Bí ẹni tí ń gun ọ̀pẹ ṣe ń yẹ igbà rẹ̀ wò kí ó tó fi kọ́ ara rẹ̀ ni kí ẹ ṣe yẹ̀ ẹ́ wò, nígbàkúùgbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó.

Bí orí àkàbà bá kan ògiri ní ibi tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 12, kí ìdí rẹ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà 3 jìnnà sí ògiri, èyíinì ni ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí ó bá dúró ṣánṣán jù, yóò ṣubú sẹ́yìn pẹ̀lú ẹni tí ó gùn ún. Bí ìdí rẹ̀ bá sì jìnnà jù, yóò yọ̀. Fún òrùlé, ẹ jẹ́ kí orí rẹ̀ yọ ju etí òrùlé lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 3, kí ẹnì kan sì di ìdí rẹ̀ mú títí ẹ ó fi fi okùn dè é lókè.

Kí ẹ tó nà án ró rárá, ẹ wo òkè. Ọ̀pọ̀ wáyà iná tí ó gba iwájú ilé wa kọjá ni kò ní rọ́bà lára, agbára iná tí àwọn mìíràn nínú wọn sì ń gbé tó fóòtì (volt) 11,000 tàbí 33,000. Alumíníọ̀mù ń gbé iná. Igi tí òjò ti pa náà ń gbé e.

Ẹ kọjú sí àkàbà nígbà tí ẹ bá ń gòkè àti nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì fi okùn fa garawa irinṣẹ́ yín lẹ́yìn tí ẹ bá ti dúró dáadáa. Bí ìdodo yín bá ti fẹ́ kọjá igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ sún un.

Iṣẹ́ tí yóò bá gbà ju ìṣẹ́jú 30 lọ lójú kan, pèpéle ni ó yẹ ẹ́. Ẹ to pákó oníìnṣì 2 méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí àlàfo àárín ẹsẹ̀ tí ó gbé wọn má ṣe ju ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ. Kí orí pákó kọjá ẹsẹ̀ ìkẹyìn ní ìnṣì 6, kí ó má sì ju 12 lọ, torí pé ẹni tí ó bá tẹ orí pákó tí ó yọ jù ni òdìkejì rẹ̀ yóò gbé sókè tí yóò sì dà sílẹ̀. Bí pèpéle náà bá ga ju ènìyàn lọ, ẹ kan igi ìdábùú yí i ká ní ìbàdí.