Tẹ́ ẹ bá ń wá ìran yín tí ọ̀nà wá dí

Tẹ́ ẹ bá dé orí bàbá-bàbá yín tí gbogbo nǹkan wá dákẹ́, ẹ má tíì sọ pé ó tán o. Súnéèmù lè tàn yín jẹ, torí ọmọ ìyá kan náà lè forúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wọ ilé ìwé, àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú àtàwọn ọmọ wọn tó ti Freetown dé Èkó, náà sì ń jẹ́ Johnson, Williams, ẹ ò lè mọ ìlú wọn níbẹ̀. Oríkì orílẹ̀, ìyẹn oríkì tó ń sọ ibi tí ìran yín ti ṣẹ̀ wá, ni kẹ́ ẹ bi ìyá àgbà. Ẹ má bi wọ́n ní ọdún tí wọ́n bí bàbá jàre, tó bá jẹ́ Ẹ̀gbá ni yín, ẹ bi wọ́n pé ṣé ó ti ń rìn nígbà ogun Àdùbí, ìyẹn ogun tí àwọn Ẹ̀gbá bá ìjọba òyìnbó jà lórí owó orí, 1918 nìyẹn. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá lọ wo rẹ́jísítà ìrìbọmi ní ṣọ́ọ̀ṣì, kẹ́ ẹ fi sípẹ́lì oríṣiríṣi wá orúkọ náà. Ọjọ́ orí inú àfídáfíìtì, ìwé ìbúra ilé ẹjọ́? Hmm, ẹ fura sí i.