Bí O Ṣe Lè Kọ Ìwé Kejì Tí Ọmọdébìnrin Inú Rẹ̀ Ti Lóyún

Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo ṣe kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn fún àwọn ọ̀dọ́langba, nítorí náà ikùn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò nínú ìwé kí n tó wo ìlú tó wà níbẹ̀. Àbúrò mi, ká ní ìwé rẹ àkọ́kọ́ parí síbi tí ọmọ ọdún 16 ti mọ̀ pé òun ti lóyún lábẹ́ ìjọba apàṣẹwàá. Kí o tó kọ gbólóhùn kan nínú ìwé kejì, mú bébà, fa ilà sí i, kí o pín in sí ọ̀sẹ̀ 40. Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù tó ṣe kẹ́yìn ni kí o ti máa kà á. Gbogbo ogun, gbogbo àsálà inú ìtàn náà, orí bébà yẹn ni kí o tò wọ́n sí.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà, èébì lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e. Bó bá ń fara pa mọ́ láàárín ọ̀tá, òórùn oúnjẹ lásán lè tú àṣírí rẹ̀. Nígbà tí oyún bá sún mọ́ oṣù márùn-ún, ọlẹ̀ yóò sọ. Má fi ìyẹn ṣeré rárá, fún un ní ojú ewé tó pọ̀. Má sì jẹ́ kí ìfẹ́ ọmọ dé lójijì. Ẹ̀rù lè bà á, inú lè bí i, ó tiẹ̀ lè rẹ́rìn-ín. Mo ti rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú ọmọ kan ṣoṣo láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Tí oyún bá ti wọ oṣù kẹjọ, kò ní lè máa fo ògiri mọ́ bó ṣe ń fò ó nínú ìwé àkọ́kọ́. Jẹ́ kó fi ọgbọ́n àti àwọn tó fọkàn tán jà.

Òfin ìlú náà ńkọ́? Wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní Ròmáníà lọ́dún 1966, ìjọba Nicolae Ceaușescu, apàṣẹwàá tó ń darí orílẹ̀-èdè náà, gbé Òfin 770 jáde, wọ́n fòfin de oyún ṣíṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ jù lọ obìnrin. Wọ́n tún ń yẹ àwọn obìnrin wò níbi iṣẹ́ láti mọ ẹni tó lóyún. Ọ̀pọ̀ ló kú nídìí oyún tí wọ́n ń ṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀, òfin náà kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ títí ìjọba yẹn fi ṣubú ní oṣù Kejìlá 1989. Bírò àti ìwé àkọsílẹ̀ ló ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ ibi yẹn. Nínú ìlú tìrẹ, ta ló ń kọ orúkọ aláboyún sílẹ̀? Kí ni wọ́n ń ṣe fún ẹni tí oyún bà jẹ́ mọ́ lára?

Ibi ìforúkọsílẹ̀ yẹn náà ni kí o ti rán òǹkàwé létí ìwé àkọ́kọ́. Kí nọ́ọ̀sì bi í: ọmọ ọdún mélòó ni ọ́, níbo lo ti wá, ta ló ni oyún? Kó purọ́ nínú ìdáhùn kan. Ẹni tó ti ka ìwé àkọ́kọ́ yóò mọ èyí tó jẹ́ irọ́.

Bó bá jẹ́ pé wọ́n fipá bá a lò ni, sọ ọ́ ní gbangba, má sọ ọ́ di eré ìfẹ́.

Ìbímọ lè le fún ọmọdé: egungun ìbàdí lè má tíì gbó tó, ẹ̀jẹ̀ ríru lè di gìrì. Kí ẹnì kan nínú ìtàn mọ èyí. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má pa á sórí ìkúnlẹ̀ torí kí òǹkàwé lè sunkún. Ọmọbìnrin tó lóyún gan-an lè di ìwé yẹn mú. Má sì sọ ọmọ inú rẹ̀ di olùgbàlà ayé, kí ìyá wá di àpò lásán. Ní orí kọ̀ọ̀kan, wá nǹkan kan tó ń fẹ́ fún ara rẹ̀.

Má fi ìbímọ parí ìwé. Fi bí orí mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Wákàtí 24 àkọ́kọ́ ni ẹ̀jẹ̀ lè dà jù, ọmọ tuntun sì lè fẹ́ ọmú ní ìgbà 8 sí 12 lójúmọ́, tọ̀sán tòru. Ibi ìsápamọ́ tí o bá yàn fún wọn, rí i dájú pé igbe ọmọ kò lè dé etí ẹ̀ṣọ́ láti ibẹ̀, àfi tí o bá fẹ́ kó dé e.