Bí mo ṣe hú olómi-òjò kúrò lẹ́yìn ilé kí n tó kó ewúrẹ́ wọlé

Igi olómi-òjò ni wọ́n fi ṣe ọgbà yí ẹ̀yìn ilé tí mo gbà ní Mọníyà, n'Ìbàdàn ká. Òdòdó rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ó wuni. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kọ́ ilé ewúrẹ́ sí, mo sì mọ̀ pé oró tó ń pa ẹran wà nínú oje funfun rẹ̀.

Nínú iṣan ọkàn, ohun kan wà tó máa ń ti sódíọ̀mù jáde, tó sì ń fa potásíọ̀mù wọlé, èròjà méjì tí ọkàn fi ń lù dáadáa. Oró olómi-òjò ló ń dí i lọ́wọ́. Ọkàn á wá máa lù ségesège títí á fi dákẹ́. Ìgbà mìíràn, ẹran ò ní ṣàìsàn tẹ́nikẹ́ni rí. Ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á bá òkú rẹ̀, aládùúgbò ni wọ́n á sì máa fura sí. Irú oró yìí náà ló wà nínú bọmubọmu, tí àwọn Fúlàní fi ń mú wàrà dì.

Gígé kọ́ ló le níbẹ̀. Ewé tútù korò, ewúrẹ́ kì í sábà jẹ ẹ́. Tó bá ti rọ, kíkorò rẹ̀ á dín kù, oró rẹ̀ á sì wà níbẹ̀. Ẹ̀ka tí a gé jù sílẹ̀ ni mò ń bẹ̀rù jù.

Nítorí náà, èso la kọ́kọ́ ṣà, torí kóró inú rẹ̀ loró pọ̀ sí jù. Mo wọ ìbọ̀wọ́ àti aṣọ alápá gígùn, a tẹ́ tapolín sílẹ̀, orí rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ka ń já bọ́ sí. A hú gbòǹgbò pẹ̀lú, nítorí kùkùté rẹ̀ máa ń rú padà.

Ọmọkùnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká kúkú finá sí i." Mo ní, "Rárá o, ọmọ mi, èéfín ẹ̀ gan-an ò dáa." Ó tún ní ká jù ú sẹ́yìn ọgbà. Níbi tí ewúrẹ́ gbogbo àdúgbò ń jẹ̀ sí! Kòtò la gbẹ́, a kó gbogbo ẹ̀ sí i, a fi yẹ̀pẹ̀ dí i dáadáa. Mo fọ àdá, mo gbá ilẹ̀ títí kan abẹ́ ọpọ́n omi, torí ewé tó bá bọ́ sómi lè sọ omi náà di májèlé.

Dókítà ẹran kìlọ̀ fún mi pé bí ọ̀kan bá fẹnu kàn án, mi ò gbọdọ̀ lé e kiri. Kí n jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́, kí n sì pe òun kíákíá.

Igi agúnmániyè ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Ìyẹn gan-an, tó bá rọ díẹ̀ lewúrẹ́ fẹ́ràn án jù, òun sì ni mò ń gé fún wọn jẹ báyìí. Lẹ́yìn òjò, mo ṣì máa ń yẹ ẹsẹ̀ ọgbà wò. Bí èéhù olómi-òjò bá yọ, mo ń fà á tu.