Bí a ṣe ṣe tírénìn olóko kajú tí àwọn èèyàn fi dúró dé ìparí

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀pọ̀ ti ń bi mí báwo la ṣe ṣe tírénìn kajú yẹn lábúlé wa, lápá Oríire l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí, torí gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí, wọ́n á gba owó ọkọ̀, wọ́n á jẹ ìrẹsì, ó parí nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ baálẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ, mo wá lọ bá àwọn ìyá, torí àwọn gan-an ló ń ṣa kajú tí wọ́n ń sá a. Mo ní ẹ̀yin ìyá mi, kí lẹ fẹ́ mọ̀? Kò sẹ́ni tó dárúkọ ajílẹ̀ rárá, ohun tó ń dùn wọ́n ni pé àwọn tó ń ra kajú máa ń já owó wọn, wọ́n á ní ó tutù. A bá fi ìyẹn ṣe ẹ̀kọ́, àwọn náà ló mú ọjọ́, wọ́n ní kò gbọdọ̀ bọ́ sí ọjọ́ ọjà.

Inú oko la ti ṣe é, tí àwọn olóko ń fi ojú ara wọn wo nǹkan tí wọ́n sì ń kọ́ ara wọn. Indonesia ni irú ilé-ẹ̀kọ́ inú oko yìí ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1989, torí kòkòrò tó ń ba ìrẹsì wọn jẹ́. Ó padà dé Romania àti Bulgaria, níbi tí ìjọba Kọ́múníìsì ti wó tí ilẹ̀ oko ìjọba padà sọ́wọ́ ẹbí, ẹni tó jẹ́ pé katakátá nìkan ló ń wà tẹ́lẹ̀ ẹ wá wò ó bó ṣe di olóko lójijì, àtirà àtità ti di tiẹ̀. Inú oko àgbàdo tí kòkòrò ń jẹ gbòǹgbò ẹ̀ ni wọ́n kó wọn jọ sí, àwọn fúnra wọn ń ka kòkòrò, wọ́n ń dá ìpinnu ṣe. Ìyẹn wú mi lórí gan-an.

Àwa náà tú kajú sórí tapólí, ọ̀kan tí wọ́n ṣà lọ́jọ́ tó já bọ́ tí wọ́n sá dáadáa, èkejì tó ti pẹ́ nílẹ̀ tí òjò pa tí wọ́n dì sínú àpò onírọ́bà. Ìyá kan fi òróró pa ọwọ́, torí oje èèpo kajú máa ń bó èèyàn lọ́wọ́, ó mú ọ̀bẹ, ó ń là wọ́n ní méjì-méjì. Ti àkọ́kọ́ funfun, ó kún, tèkejì ti sunki ó ti ń dúdú. Ó tún ní ká fi èékánná tẹ èèpo ẹ̀, tó bá ṣì ń gba èékánná kò tíì gbẹ. Òṣìṣẹ́ àgírík kàn ń fi tiẹ̀ kún un ni, màmá yẹn ni olùkọ́ wa.

Nígbà tí oníbàárà dé, àwọn ìyá ló kọ́kọ́ la kajú níwájú ẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í nájà.